Kúlà wo ni ó yẹ àpótí kọ̀ǹpútà lítà 11 nínú ooru Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà?

Onífídíò Ìjẹ̀ṣà:

Mo kí gbogbo ilé. Iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà ni mo ń ṣe. Iléṣà ni mo ń gbé, Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ sì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti máa gbé kọ̀ǹpútà ńlá lọ gbé e bọ̀ nínú mọ́tò èrò, n kò sì ní owó kọ̀ǹpútà méjì. Ìdí nìyí tí mo fi ra àpótí Lian Li A4-H2O, tí gbogbo àyè rẹ̀ jẹ́ lítà 11, tí ó sì wọ inú báàgì ẹ̀yìn mi wẹ́kú.

Mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí a ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà mọ́) mini-ITX, tí ó jẹ́ mìlímítà 170 níbùú lóròó, ni mo fẹ́ lò, pẹ̀lú CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 7 7700 àti káàdì àwòrán RTX 4060. Nínú àpótí yìí, mọ́dábọ́ọ̀dù wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, káàdì àwòrán wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, wáyà pẹlẹbẹ kan ni ó so wọ́n pọ̀. Láti orí CPU dé ara ìdérí ẹ̀gbẹ́, mìlímítà 55 péré ni àyè tí ó wà fún kúlà, ìyẹn ohun tí ń mú CPU tutù. Wraith Prism tí ó bá CPU náà wá nínú páálí ga ju mìlímítà 90 lọ, nítorí náà kò lè wọlé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí. Àkọ́kọ́ ni Noctua NH-L9a-AM5, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 37. Èkejì ni Thermalright AXP90, èyí tí wọ́n ń ṣe ní mìlímítà 47 àti 53. Ẹ̀kẹta ni kúlà olómi oní-mìlímítà 240, tí a lè so mọ́ òkè àpótí náà. Ẹnìkan sọ fún mi pé olómi nìkan ni ó lè kojú ooru wa. Nínú oṣù kejì àti ìkẹta ọdún, yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ máa ń gbóná dé dígírì 33 lọ́sàn-án, kò sì sí ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀, nítorí orí ínfátà ni mo sábà máa ń wà. Bí mo bá sì ń rẹ́ńdà fídíò, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà bá ń pa gbogbo àwòrán pọ̀ di fídíò kan, gbogbo agbára CPU ni ó ń ṣiṣẹ́ láìsinmi fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n ná owó mi lé lórí?

Aláàtúnṣe Lágere:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmúmọ́ra ọ̀nà Iléṣà. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó rajà, nítorí nínú àpótí tí ó kéré tó báyìí, gíga kúlà kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wò. Ibi tí fáànù yóò ti fa afẹ́fẹ́ tútù ni ó ṣe pàtàkì jù.

Bí ẹ bá fi kúlà mìlímítà 37 sí àyè mìlímítà 55, àlàfo mìlímítà 18 yóò ṣẹ́ kù láàárín fáànù àti ìdérí. Fáànù kì í yan ibi tí yóò ti mu afẹ́fẹ́, ibi tí ó bá sún mọ́ ọn ni yóò ti mú un. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láàárín irin kúlà yóò yí padà gba àlàfo náà, fáànù yóò sì tún fà á wọlé, bí ẹni tí ó da aṣọ borí sùn tí ó ń mí èémí ara rẹ̀. Bí kúlà bá jẹ́ mìlímítà 53, fáànù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdérí, afẹ́fẹ́ ìta ni yóò sì máa fà. Ṣùgbọ́n fáànù tí ó sún mọ́ irin oníhò wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ máa ń hó, àti pé ẹ̀yin yóò máa gbé àpótí náà sínú báàgì. Bí ẹnìkan bá fara ti báàgì yín nínú mọ́tò, ìdérí lè tẹ̀ wọlé kí ó kan abẹ́bẹ̀ fáànù. Èmi kò ní fi mìlímítà méjì sílẹ̀ fún ohun tí ó ń rìnrìn-àjò.

Ìmọ̀ràn mi ni AXP90 oní-mìlímítà 47. Ọ̀pá mẹ́rin tí ń gbé ooru ni ó ní, nígbà tí NH-L9a ní méjì. Àlàfo mìlímítà 8 tí yóò ṣẹ́ kù ni kí ẹ fi fóòmù dí yíká etí fáànù, kí ó dà bí òrùka láti ara fáànù dé ara ìdérí, kí afẹ́fẹ́ má baà rí ibòmíràn gbà ju ihò ìdérí lọ. Noctua ń ta irú fóòmù yìí, NA-FD1 ni wọ́n pè é, fún àwọn kúlà NH-L9, ṣùgbọ́n ẹ kò nílò láti ra ti òkèèrè. Fóòmù EVA tí àwọn aṣe-bàtà fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà ṣe é lò dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n gé pẹlẹbẹ kan fún yín, kí ẹ fi bíléèdì gé àárín rẹ̀ ní ìwọ̀n fáànù, kí ẹ sì rí i pé fóòmù náà kò kan abẹ́bẹ̀ níbì kankan.

Ọmọ Ẹnuwá:

Ẹ̀gbọ́n, èmi yóò gbèjà olómi díẹ̀. Òun ni mo ń lò nínú àpótí yìí kan náà. Irin afẹ́-ooru-dànù rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 27, fáànù rẹ̀ nípọn tó 25, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52, ó sì wọ òkè àpótí láìjà. Omi kì í tètè gbóná, nítorí náà bí iṣẹ́ bá ń lọ tí ó ń bọ̀, fáànù kò ní máa pariwo sókè sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ohun tí a gbọ́dọ̀ kíyèsí ni pé kí pọ́ǹpù tí ń ti omi náà kiri má ṣe jẹ́ ohun tí ó ga jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ibi tí ó ga jù ni afẹ́fẹ́ inú omi máa ń kó jọ sí. Nínú àpótí yìí, òkè ni irin náà wà, pọ́ǹpù sì wà lórí CPU nísàlẹ̀, nítorí náà kò sí ewu.

Aláàtúnṣe Lágere:

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin kò sì gbé e rìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń kọ mí lóminú fún ẹni tí ó bi wá léèrè. Bí pọ́ǹpù bá kú, kò sí ohun mìíràn tí yóò gbé ooru kúrò lórí CPU. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀rọ yóò dín ìyára rẹ̀ kù pátápátá tàbí kí ó pa ara rẹ̀. Bí fáànù kúlà onírin bá kú, irin náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ sì lè rí fáànù mìíràn fi rọ́pò. Omi inú rọ́bà náà ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, a kò sì ṣe púpọ̀ nínú wọn kí a lè bu omi kún un. Bí ó bá bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ ìgbéyàwó mẹ́ta wà nílẹ̀, Computer Village ní Ìkẹjà ni ẹ ó ti lọ máa wá òmíràn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Kúlà onírin tí ó dojú kọ mọ́dábọ́ọ̀dù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ohun gbogbo tí ó yí CPU ká, pàápàá àwọn ẹ̀yà tí ń pín iná fún CPU, àti RAM (ìrántí ìgbà díẹ̀ kọ̀ǹpútà), àti SSD (ibi tí a ń tọ́jú fáìlì sí). Bí ẹ bá lo olómi, kò sí fáànù kankan tí ó kọjú sí wọn mọ́, inú àpótí há, àwọn náà sì ń gbóná.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì OAU:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kí a wo ìṣòro yìí láti ìdí rẹ̀, èyíinì ni iye iná tí CPU ń jẹ, nítorí gbogbo wáàtì tí ó bá jẹ ni yóò di ooru.

Wọ́n kọ wáàtì 65 sára Ryzen 7 7700, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wá, ó lè jẹ tó wáàtì 88. Nínú BIOS, ibi tí a ti ń ṣètò kọ̀ǹpútà kí ó tó tan tán, ẹ lè yan Eco Mode 45, ètò ìdín-iná-kù tí yóò fi òté lé e, tí kò fi ní jẹ ju wáàtì 61 lọ. Ẹ má bẹ̀rù pé iṣẹ́ yóò falẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Iná tí CPU ń jẹ ń bá ìyára rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tún ń bá fólítì lọ ní ìlọ́po ara rẹ̀: bí fólítì bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, iná tí a ń jẹ yóò fi nǹkan bí ìdá 21 lọ sókè kí a tó ka ìyára kún un. Ìyára díẹ̀ tí ó wà lókè pátápátá ni ó ń béèrè fólítì púpọ̀, òun náà ni a ó sì fi sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ínfátà yóò jèrè lẹ́ẹ̀mejì, nítorí bátìrì yóò pẹ́ sí i.

Ẹ tún ṣọ́ra bí ẹ bá ń wo àyẹ̀wò àwọn ará òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú yàrá tí ó wà ní nǹkan bí dígírì 20 sí 25 ni wọ́n ti sábà máa ń ṣe é. Kúlà kò lè mú CPU tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó ń fà lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ooru CPU àti ooru yàrá ni ó ń pinnu bí kúlà ti dára tó. Bí wọ́n bá rí dígírì 84 nínú yàrá 23, ìyàtọ̀ 61 nìyẹn. Ẹ gbé e lé orí 33 yín, ó di 94, bẹ́ẹ̀ sì ni dígírì 95 ni CPU yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín ara rẹ̀ kù. Ìdí nìyí tí kúlà tí wọ́n yìn lóhùn-ún fi lè máà tó lọ́dọ̀ wa, àfi tí a bá dín wáàtì kù.

Ọmọ Ẹnuwá:

Mo gbà pẹ̀lú àbúrò yìí, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ wáàtì. Kí n fi ọ̀rọ̀ eruku kún un. Nígbà ọyẹ́, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà a máa bo gbogbo ìlú, ó sì kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gba ihò ìdérí wọlé tààrà. Láàárín irin kúlà pẹlẹbẹ ni ó máa ń lẹ̀ sí, àlàfo ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ wá àwọ̀n nílọ́ọ̀nù tí ojú rẹ̀ kéré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí méjèèjì. Ní ti fáànù méjì tí ẹ ó so mọ́ òkè àpótí, níbi tí irin olómi ì bá wà, kí wọ́n máa fẹ́ ooru síta, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe yára jù; bí wọ́n bá ń fà ju ohun tí ó ń wọlé lọ, àpótí yóò máa fa afẹ́fẹ́ láti gbogbo ojú ihò tí kò ní àwọ̀n. Bí ẹ bá fẹ́ gbọn eruku náà, búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré tó, kí ẹ sì fi ìka di abẹ́bẹ̀ fáànù mú kí ó má baà máa yí.

Onífídíò Ìjẹ̀ṣà:

Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ra AXP90 oní-mìlímítà 47, mo sì ti tò ó. Aṣe-bàtà kan nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi ni ó gé fóòmù náà fún mi, ọ̀bẹ rẹ̀ sì mú ju ti èmi lọ.

Lọ́sàn-án, nínú yàrá dígírì 33, mo rẹ́ńdà fídíò ìgbéyàwó kan pẹ̀lú CPU bí ó ṣe wá, ó sì fara kan dígírì 95, ó ń dín ìyára rẹ̀ kù. Nígbà tí mo fi òté wáàtì 61 lé e, ó dúró sí nǹkan bí dígírì 78 títí iṣẹ́ fi parí, àkókò tí ó fi pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ kò sì tó ohun tí n ó torí rẹ̀ ṣàròyé. Mo yọ fóòmù náà láti wò ó, ooru sì gòkè. Mo ti dá a padà. Ohun tí ó kù ni SSD tí ó wà ní ẹ̀yìn mọ́dábọ́ọ̀dù, tí ó há sí àárín òun àti káàdì àwòrán. Òun ni ó gbóná jù báyìí bí mo bá ń kó fídíò láti inú kámẹ́rà.

Aláàtúnṣe Lágere:

Ẹ kú oríire. Bí mọ́dábọ́ọ̀dù yín bá ní ojú SSD mìíràn níwájú, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, nítorí kúlà CPU yóò máa fẹ́ ẹ. Bí kò bá sí, ẹ wá rọ́bà rírọ̀ tí ń gbé ooru, kí ẹ fi í sí àárín SSD àti irin àárín àpótí náà, kí irin yẹn lè máa pín ooru rẹ̀. Ẹ wọn àlàfo ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó ra rọ́bà náà, nítorí bí ó bá nípọn jù, yóò mú kí SSD náà wọ́.