Oṣù mẹ́ta ní Seattle: kí ni kí n múra sílẹ̀ fún?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, Houston ni mò ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ní ilé ìwòsàn kan ní Seattle, láti ìparí oṣù Kọkànlá. Èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 4, la jọ ń lọ.

Òjò gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Òjò Houston le ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n tó bá dá, oòrùn á yọ. Ti Seattle, wọ́n ní winniwinni ló ń rọ̀ láàárọ̀ lálẹ́, tí ojú ọ̀run á sì ṣú ṣáá. Nínú oṣù Kejìlá, kí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn ti wọ̀. Iṣẹ́ òru sì ni tèmi. Bí mo bá sùn di ọ̀sán, ìgbà wo ni mo fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ibẹ̀, báwo lẹ ṣe ṣe é tí ọkàn yín kò fi rẹ̀wẹ̀sì?

Ọmọ yìí ńkọ́? Ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí wọ́n ṣeré níta nínú òjò nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi? Bàtà òjò mélòó ni kí n rà fún un?

Ṣé kí n wa ọkọ̀ mi lọ, àbí ọkọ̀ ojú irin Link àti bọ́ọ̀sì á tó ẹni tó ń ṣíṣẹ́ òru? Mo gbọ́ pé apá Kent àti Renton làwa aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti lè rí èlùbọ́ gidi rà níbẹ̀?