"Ọ̀nà ẹ̀bùrú" kọ́ o, "afárá iṣan" ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ká máa pe báípáàsì, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀ tí iṣan ẹsẹ̀ bá dí, ní "ọ̀nà ẹ̀bùrú", ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ̀bùrú, ká fi gé ìrìn kúrú ni. Nọ́ọ̀sì kan lò ó fún bàbá mi ní Mushin níbí, wọ́n bá gbà pé iṣẹ́ kékeré ni, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n délé tí wọ́n tún ti ń fa sìgá, bẹ́ẹ̀ sìgá wà lára ohun tó ń jẹ́ kó tún dí!

"Afárá iṣan" lèmi fẹ́. Tí wọ́n bá ti Third Mainland pa, ṣebí Eko Bridge la máa ń sá sí, ó dáa, afárá ọ̀hún lè dúró ire, àmọ́ tí mọ́tò ò bá rọ́nà wọlé látòkè, tàbí tí Apọ́ngbọ̀n bá dí pa nísàlẹ̀, àǹfààní wo ló ṣe? Bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀jẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa tú dáadáa látòkè, kí iṣan ìsàlẹ̀ tó máa gbà á sì là.

"Iṣan" nìkan ò sì tó, torí èèyàn lè rò pé ẹran ara lẹ ń sọ. Ẹ jẹ́ ká ya "iṣan àlọ", tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti ọkàn, sọ́tọ̀ kúrò lára "iṣan àbọ̀", tó ń gbé e padà. Iṣan àbọ̀ aláìsàn fúnra ẹ̀, èyí tó gùn láti ọrùn ẹsẹ̀ dé òkè itan, ló dáa jù láti fi ṣe afárá yìí, òun ni Jean Kunlin, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, lò ní Paris lọ́dún 1948. Ó ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké nínú tó jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣí sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dorí ẹ̀ kodò, àbí kí wọ́n gé ilẹ̀kùn ọ̀hún dànù, àbọ̀ wá di àlọ! Tó bá tín-ín-rín jù, tí ò tó mìlímítà 3, ọkàn dókítà kì í balẹ̀ sí i. Tíúbù àtọwọ́dá wà lóòótọ́, àmọ́ nísàlẹ̀ orúnkún, ó máa ń tètè dí ju iṣan gidi lọ.

Ẹ tún pe "patency", ìyẹn ni pé kí afárá náà ṣì là kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gbà á kọjá, ní "àṣeyọrí". "Àìdí" ló yẹ ẹ́, torí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ láṣeyọrí kó tún dí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àìdí, ojoojúmọ́ là ń ṣọ́ ọ: aspirin, ìtọ́jú ṣúgà, kí wọ́n máa fi sikáànù wò ó.

Lọ́jọ́ kan mo fi àtàǹpàkò tọ ojú àpá ẹsẹ̀ bàbá mi, mo ní, "Bàbá, ibí lafárá ti gbéra, ibí ló sọ̀ sí." Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló wá ń tún un ṣe?"