Ẹ wá sọ ibi tí náírà tó já wálẹ̀ ti bá yín

Akẹ́kọ̀ọ́, Leeds

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Oṣù kẹsàn-án 2023 ni mo dé ìlú ọba fún máṣítà. A ti san ìdajì owó ilé ìwé kí físà tó jáde, ó ku £7,000 tí a máa san lóṣù kejì 2024. Bàbá mi ta ilẹ̀ kan ní Ìkòròdú nítorí rẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ náírà wà ní báǹkì digbí. Nǹkan bí 1,200 náírà ni £1 nígbà náà lọ́wọ́ àwọn àbókí. Mo ní ká tètè ṣẹ́ńjì ẹ̀. Bàbá ní kí n fara balẹ̀, pé oṣù kẹfà ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, pé dọ́là ń bọ̀ wá wálẹ̀. (Ta ni ò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn?)

Kí oṣù kejì tó parí, £1 ti lé ní 2,200. Owó ilẹ̀ odidi ò tó £4,000 mọ́. Bàbá ya fọ́tò àkáǹtì wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Wò ó, mi ò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀ o.” Òótọ́ ni, kọ́bọ̀ ò dín. Mo wo owó yẹn títí, mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn.

Ilé ìwé ti kọ̀wé pé bí mi ò bá san, wọ́n á yọ mí, wọ́n á sì fi tó ìjọba létí. Físà lọ nìyẹn. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ sì lòfin gbà fún wa, ní £10.42 fún wákàtí kan nígbà náà, owó ilé àti oúnjẹ ló ń gbé e mì. Àwọn ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà kí n kọ́kọ́ kó àjọ, £2,500. Mo yá ìyókù. Mo ṣì ń san án.

Alábàágbé rẹ̀

Èmi tá a jọ ń lo kíṣìnnì nìyí, mi ò ní purọ́: inú mi dùn ní tèmi. Mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ni mo yá lọ́wọ́ kọ́pù, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, kí n tó jápa ní 2022. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú níbí, pọ́n-ún ni mò ń gbà. Lóṣù kejì yẹn kan náà, owó tí ò tó £950 ni mo fi pa mílíọ̀nù méjì tó kù rẹ́. Mo rọra jó nínú yàrá kí ọ̀rẹ́ mi má bàa gbọ́.

Ayọ̀ ọ̀hún ò pẹ́. Mò ń kọ́lé n'Íbàdàn. Síminǹtì tí mò ń rà ní nǹkan bí 5,000 ti di 10,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi náà wá ń bi mí pé ṣé mo ti gbàgbé àwọn ni.

Ará Kútọnu

Kì í ṣe òkè òkun nìkan o. Ọmọ àbúrò mi ń kàwé níbí, náírà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Ní 2022, ẹgbẹ̀rún kan náírà ṣì ń sún mọ́ 1,000 sẹ́fà, owó tí a ń ná níbí. Ìbẹ̀rẹ̀ 2024, kò tó 400 mọ́. Yúrò ni wọ́n so sẹ́fà mọ́, kì í mì. Ẹsẹ̀ lọmọ náà ń fi rìn lọ sílé ìwé báyìí. Ó ní eré ìdárayá lòun ń ṣe.