Apulia ni àbí Campania? Ẹ bá mi wò ó

Màmá àgbà kan tí mò ń tọ́jú ní London ló ta mí lọ́rẹ ìkòkò kékeré kan, iṣẹ́ àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ tó tẹ̀dó sí gúúsù Ítálì, níbi tí agbègbè Apulia àti Campania wà. Kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Orí obìnrin ló wà lára rẹ̀, ó di irun sínú aṣọ, wọ́n fi ọ̀dà funfun tó ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn. Mo fi wé àwọn ti Apulia ní British Museum, wọ́n jọra. Àmọ́ ìdí rẹ̀ ti họ, amọ̀ ibẹ̀ rí bíi gààrí Ìjẹ̀bú! Mo fi òwú tútù nu àwọ̀ pupa tó wà lára ìkòkò náà, kò ṣí. Mo kà á pé àwọn ará Campania a máa fi nǹkan pupa kun amọ̀ wọn. Ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n, yàtọ̀ sí àwọ̀ amọ̀, kí ni mo lè wò lára àwòrán yìí tí màá fi mọ̀ bóyá Campania ló ti wá?