Ọdún mẹ́rìnlá nídìí ẹ̀rọ kan ṣoṣo: ṣé kí n lọ ni, àbí kí n dúró?

Atẹ̀wé Ajílósùn:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọdún 2011 ni mo wọ ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Adó-Èkìtì, ìdí ẹ̀rọ Kord kan náà ni mo sì wà títí di òní. Ẹ̀rọ náà ti gbó, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn rẹ̀: bí bébà méjì bá fẹ́ wọlé pọ̀, etí mi ti máa ń gbọ́ ọ kí ó tó há, n óò sì ti pa á. Ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ̀ pé òru Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ wa máa ń le jù, nítorí ìwé ètò ìsìnkú àwọn tó fẹ́ sin òkú lọ́jọ́ Ẹtì gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. N kò lè ka iye òru tí mo sùn sórí òkìtì bébà. Nígbà ìbò gómìnà ní 2018 àti 2022, tí gbogbo olùdíje ń fẹ́ pósítà lọ́jọ́ kan náà, ọmọ mi kì í rí mi àfi tó bá sùn. Nígbà Kòrónà ní 2020, ọ̀gá ní kí a máa gba ìdajì owó oṣù títí nǹkan yóò fi bọ̀ sípò. Àwọn kan lọ, èmi dúró. Ẹnu géètì ni ọ̀gá ti sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé, "Mi ò ní gbàgbé rẹ láéláé."

Oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n mú ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn wá láti Èkó, wọ́n sì fi í ṣe alábòójútó wa. 110,000 náírà ni owó oṣù rẹ̀. 62,000 ni tèmi. (N kò ṣe ofófó o, orí tábìlì ni mo ti rí ìwé náà nígbà tí mo lọ gba pléètì ìtẹ̀wé.) Èmi náà ni wọ́n ní kí n kọ́ ọ bí a ṣe ń po yíǹkì. N kò bínú sí ọmọ náà rárá, ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, bọ̀dá ló ń pè mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọkàn mi kò sí nínú iṣẹ́ mọ́. Mo ń gbọ́ tí bébà fẹ́ há, n óò sì jókòó, n óò máa wò ó títí yóò fi há. Ṣé kí n kọ̀wé pé mò ń lọ ni, àbí kí n dúró, kí n máa ṣe ìwọ̀n tí owó mi tó? Àwa mọ́kàndínlógún la wà níbẹ̀, bí ìyẹn bá wúlò fún èsì yín.

Bàbá Ọ̀yẹ́, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì:

Àbúrò, ó wúlò púpọ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 de ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí agbanisíṣẹ́ san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ, kí wọ́n yọ ìdá mẹ́jọ lára tìrẹ, kí àpapọ̀ rẹ̀ sì wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá ti san owó oṣù. Èyí tí wọn kò bá san, ìtanràn wà lórí rẹ̀ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n má ṣe fi 70,000 tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2024 bá wọn jà, nítorí òfin owó oṣù tó kéré jù lọ yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀. Bákan náà, kò sí òfin tó ní dandan ni kí ọ̀gá aládàáni fún ọ ní owó gọbọi lọ́jọ́ tí o bá ń lọ, àfi bó bá wà nínú àdéhùn yín. Ǹjẹ́ wọ́n tilẹ̀ fún ọ ní ìwé àdéhùn rí? Láàárín oṣù mẹ́ta tí o wọlé ló yẹ kí o ti gbà á. Bí o bá sì fẹ́ lọ, ìkìlọ̀ oṣù kan ni ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún jẹ ọ̀gá rẹ̀. Kọ́kọ́ lọ yẹ àkáǹtì yẹn wò kí o tó kọ ohunkóhun.

Ọmọ Ìfàkì ní Ṣómólú:

Bọ̀dá, ọwọ́ bíi tiyín kì í sùn lébi ní Ṣómólú, ní Èkó níbí, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí. Láti 2017 ni mo ti wà níbí. Ṣùgbọ́n owó ilé yóò gba ìdajì ohun tí ẹ bá rí, kò sì sí ọ̀gá kankan níbí tó mọ orúkọ ọmọ yín.

Olùdáná Búrẹ́dì, Ìkẹ́rẹ́:

Èmi ni mo wà ní apá kejì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí àwa agbanisíṣẹ́ kì í fẹ́ sọ. Iye tí ọjà ń pè ni a fi ń gba ẹni tuntun, nítorí bí a kò bá san án, kò ní wá. Ẹni àtijọ́ ńkọ́? Iye tó bá wọlé la ṣì ń bù lé díẹ̀díẹ̀, bí a bá rántí. Mo ní ẹnì kan nídìí ààrò fún ọdún mẹ́sàn-án tí kò bèèrè nǹkan kan rí, mo sì rò pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó kàn kọ̀ láti wá lọ́jọ́ Ajé kan ni. Ẹni tó dúró rọ́pò rẹ̀ kò mọ̀ pé ògiri òsì ààrò yẹn máa ń gbóná ju ọ̀tún lọ, gbogbo búrẹ́dì apá ibẹ̀ sì jó dúdú. Ọjọ́ náà ni mo mọ ohun tí mò ń san owó fún láti ọdún mẹ́sàn-án. Ǹjẹ́ ẹ ti jókòó ti ọ̀gá yín rí, kí ẹ dárúkọ iye tí ẹ fẹ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Tíṣà Ìjerò:

Èmi kò gbà pé dídákẹ́ nìkan ni, màmá. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń dáko, àáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àáró mọ oko tó kàn, wọ́n sì máa ń ka ebè, kí iye tí o kọ fún ẹlòmíràn lè padà sórí ilẹ̀ tìrẹ. Ní ti ọ̀wẹ̀, onílé yóò gún iyán, yóò gbé ẹmu kalẹ̀, yóò dúpẹ́, ó parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹnikẹ́ni. Bọ̀dá wa rò pé àáró ni àwọn ń bá ọ̀gá ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀wẹ̀ ni ọ̀gá ń pè wọ́n sí. "Mi ò ní gbàgbé rẹ", ọpẹ́ ọlọ́wẹ̀ ni. Kò sí ebè kankan tí ẹnikẹ́ni kà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀: wákàtí alẹ́ tí ẹ óò ṣe, àti iye tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ti bébà tí ẹ ń wò títí ó fi ń há yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀gá yín ti ń sùn nílé nígbà náà. Ọmọ olóòkú tó dúró síta láago mẹ́ta òru ló ń jìyà rẹ̀.

Atẹ̀wé Ajílósùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti yẹ àkáǹtì náà wò, bàbá. Oṣù kẹta 2020 ni owó wọlé kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yọ ìdá mẹ́jọ lára owó oṣù mi títí di oṣù tó kọjá. Kò sí ìwé àdéhùn kankan lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ lẹ́tà ojú ewé kan: iye ìfẹ̀yìntì tí wọ́n jẹ mí, owó oṣù tí mo fẹ́, àti ohun tí òru kọ̀ọ̀kan yóò máa jẹ́. Ó nira láti kọ ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí ojú ń tì mí láti kọ iye owó sábẹ́ orúkọ ara mi.

Lóru Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ìwé ìsìnkú màmá kan láti Ìlawẹ̀ ló wà lórí ẹ̀rọ. Mo gbọ́ ọ tí bébà méjì fẹ́ wọlé pọ̀, mo sì pa á. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú àpò mi. Ọ̀gá yóò dé láti ìrìn àjò lọ́jọ́ Ajé.