Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìrókò yìí tóbi ju ẹnu ẹ̀rọ ìlagi mi lọ

Aláyùn Oǹdó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní ẹ̀rọ ìlagi kékeré kan tó ṣeé fà kiri, èyí tí ayùn rẹ̀ rí bíi bẹ́líìtì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ họ́ọ̀sìpáwà 13, igi tó sì lè gbà kò ju íǹṣì 26 lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń la àrẹ̀rẹ̀ àti tíìkì, kò já mi kulẹ̀ rí. Àfi ìgbà tí ìjì wó ìrókò kan nínú oko kòkó bàbá mi. Mo wọn ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin gbáko ni láti etí kan dé ìkejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ́kọ́ fi igi àpá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ẹnu ẹ̀rọ náà dán an wò. Ẹ́ńjìnnì ń kérora, ayùn ń lọ sókè ń lọ sísàlẹ̀, pákó tó jáde dà bíi páànù òrùlé. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì díísù họ́ọ̀sìpáwà 25 kan, tòkunbọ̀ ni. Ṣé kí n rà á, kí wẹ́dà sì bá mi fẹ ẹnu ẹ̀rọ náà sí i?

Wẹ́dà Àgbà: Àbúrò, fi owó ẹ sápò ná. Bí o bá fi íǹṣì 20 kún fífẹ̀ ẹnu rẹ̀, ayùn á gùn sí i ní íǹṣì 40, torí pé lókè ló ń gbà lọ, nísàlẹ̀ ló ń gbà bọ̀. Gbogbo ayùn tó wà nílé ẹ ti di aláìwúlò nìyẹn. Róòlà méjèèjì tó ń di ayùn mú náà á jìnnà síra, bí wọ́n bá sì ṣe jìnnà tó ni ayùn á ṣe máa jó tó. Wàá wá ayùn tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ìyẹn á fẹ́ kí a fà á le gan-an, fírémù kékeré yẹn á sì tẹ̀. Mo ti ṣe irú ẹ̀ fún oníbàárà kan rí. Kò tó oṣù méjì tí àgbá irin méjèèjì tó ń yí ayùn fi kọ ojú síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ayùn wá ń yọ lójoojúmọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi, mi ò ní purọ́.

Sọ́ọ̀ Dókítà: Kò sí ẹni tó bi í léèrè ayùn tó lò! Pákó tó bá ń ṣe bíi páànù, ara ayùn ni mo ti kọ́kọ́ máa ń wò ó, kì í ṣe ara ẹ́ńjìnnì. Bu ìyẹ̀fun igi náà sí àtẹ́lẹwọ́. Bó bá kúnná bí èlùbọ́, ayùn ti kú, ara ló kàn ń fi ha igi. Ó yẹ kó rí bíi gàrí. Ayùn tí eyín rẹ̀ tẹ̀ síwájú ní dìgírì 10 dára fún igi rírọ̀ bí àrẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n fún igi líle bí àpá, lo 7 tàbí 4. Jẹ́ kí omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ máa kán sí i lára. Tí ìrókò bá kàn, ṣọ́ra o: òkúta funfun máa ń wà nínú òmíràn, inú igi náà ló ti ń dì, bí ayùn bá kàn án, eyín ti lọ. Ìṣó ńkọ́? Ìrókò tó ti dàgbà, ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn bàbá wa ń kàn mọ́ ọn lára.

Ìyá Onípákó: Ọkọ mi, ta lo fẹ́ tà á fún? Pákó tó nípọn ní íǹṣì kan tó sì fẹ̀ ní 12, tàbí èyí tó nípọn ní íǹṣì méjì tó sì fẹ̀ ní mẹ́fà, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi nìyẹn. Kò sí káfíńtà tó bi mí rí ní pákó tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, àfi àwọn tó ń ṣe tábìlì ńlá fún olówó Èkó, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Ará Ọrẹ: Ẹ jẹ́ kó ra irú ẹ̀rọ ìlagi tí wọ́n ń ṣe ní Ọsirélíà àti New Zealand. Ayùn rẹ̀ rí roboto, ó ń dùbúlẹ̀, ó ń dìde. Igi á wà lójú kan, ẹ̀rọ ni yóò máa tọ̀ ọ́ lọ.

Wẹ́dà Àgbà: Nítorí ìrókò kan ṣoṣo? Ṣé ìwọ lo máa san owó rẹ̀?

Bàbá Ṣéènsọ́ọ̀: Ìyá ti sọ ọ́ tán. Fi ṣéènsọ́ọ̀ là á sí mẹ́rin níbi tó wà. Bí o bá gé e ní ẹsẹ̀ bàtà 12, gẹdú kan á tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin ní tútù, ta ló fẹ́ yí i? Ìdá mẹ́rin rẹ̀, ṣéènì búlọ́ọ̀kù tí a fi ń gbé ẹrù wúwo sókè á gbé e. Ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì jẹ́ íǹṣì 24, ẹnu ẹ̀rọ ẹ gbà á. Ki okùn bọ dúdú inú òkú bátìrì, kí ẹnì kan dì í mú lórí, ẹnì kan nídìí, fà á sókè, kí o jẹ́ kó ta. Ìlà tó bá fi sílẹ̀ ni kí o tẹ̀ lé. Dìgírì 10 ni kí o sì pọ́n eyín ṣéènì ṣéènsọ́ọ̀ náà sí, kì í ṣe 30 tí a fi ń gé igi lulẹ̀.

Aláyùn Oǹdó: Ẹ ṣé gan-an. Mo lọ wo ìdí ẹ̀rọ náà láàárọ̀ yìí, èlùbọ́ ni o. Mo ti ní kí ẹni tó ní díísù máa tà á fún ẹlòmíràn. Bàbá, ṣé irin ṣéènsọ́ọ̀ onííǹṣì 36 á tó?

Bàbá Ṣéènsọ́ọ̀: Ó tó, bí o bá gé e dé àárín, kí o bọ́ sí òdìkejì, kí o tún gé e láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ bá àwọn fọ́rẹ́sìrì kí wọ́n fi hámà wọn lù ú, kí àmì àṣẹ wọn wà lára rẹ̀. Má sọ pé ìjì ló wó o, wọn ò ní bi ìjì léèrè lójú títì.