Rípọ́ọ̀tì Lẹkki: kí ló dé tí ìjọba ń bá pánẹ̀lì tó gbé kalẹ̀ jiyàn?

Ọmọ_Àgége: Ẹ kú ilé o. Gómìnà Sanwo-Olu fúnra ẹ̀ ló gbé pánẹ̀lì Àdájọ́ Doris Okuwobi kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ SARS (ẹ̀ka ọlọ́pàá tí àwọn ọ̀dọ́ ṣèwọ́de pé kí wọ́n tú ká) àti ìbọn tí wọ́n yìn níbi ìwọ́de náà ní tóògéètì Lẹkki ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 2020. Ó tó bí ọdún kan tí wọ́n fi jókòó, wọ́n gbé rípọ́ọ̀tì fún un ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá 2021, kí oṣù yẹn tó parí ìjọba ti gbé White Paper jáde tó ń bá a jiyàn. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Akọ̀wé_Kóòtù: White Paper nibi tí ìjọba ti máa ń sọ èyí tó gbà àtèyí tí ò gbà. Nínú àbá 32, wọ́n gba 11, wọ́n tún 6 ṣe, wọ́n kọ 1, wọ́n wá kó 14 tó kù lọ Abuja pé kò sí lágbára ìpínlẹ̀.

Bàbá_Tísà: Ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́ o. Pánẹ̀lì ní èèyàn 9 kú ní Lẹkki, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n John Obafunwa tó yẹ òkú wò sọ níwájú wọn pé òkú 3 ló ti Lẹkki wá, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ni ìbọn bà. Ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ibi tí 9 ti wá.

Ìyá_Ìbejì: Bàbá, mo gbọ́ yín, àṣìṣe wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ mo máa ń wo ìjókòó pánẹ̀lì yẹn nílé, mo rí àwọn òbí tó wá ń sọ̀rọ̀ ọmọ wọn tí ohùn wọn ń gbọ̀n, òun ló ṣe dùn mí nígbà tí Lai Mohammed tó jẹ́ mínísítà ìròyìn nígbà náà jáde pé fake news ni gbogbo ẹ̀. Ojú ìwé 309 ma ni o! Ká tiẹ̀ ní ẹnì kan péré ló kú, ta ló ní kí sọ́jà gbé ìbọn lọ bá ọmọ tó mú àsíá dání? Iye òkú ni wọ́n dì mú tí wọ́n ń fà, ìbéèrè yẹn wá wọlẹ̀. Adegboruwa, lọ́yà tó jókòó nínú pánẹ̀lì ọ̀hún, àti Falana tóun náà jẹ́ lọ́yà, ta ko White Paper yẹn.

Ọmọ_Àgége: Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun sà. Ẹ jọ̀ọ́ Akọ̀wé, 14 tí wọ́n kó lọ Abuja yẹn, ta ló yẹ ká lọ bi?